Odó Tó Dún Lórí Òkè Kpeto

Àkú ló gún iyán. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ máa ń ti í bẹ̀rẹ̀, títí ó fi darúgbó tí eyín ẹnu rẹ̀ ku méjì. Bí àwọn èèyàn bá jókòó tí wọ́n ń sọ ìtàn ọdún tí ogun Aṣáńtí fọ́ ìlú Avedzi, tí ẹnìkan ní ọba ló jẹ̀bi, tí ẹlòmíràn ní ẹ̀tù ìbọn ló tutù, ìyá arúgbó náà a fọwọ́ gbá ìdí ara rẹ̀ pàá. A ní, "Ẹ fi ọba sílẹ̀ jàre. Ìdí yìí ló fọ́ ìlú. Ẹ wò ó, ó ṣì wà níbí, ojú ò tì í." A wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọdé a bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tó mọ̀ a máa wo ilẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni. Obìnrin gìdìgbà ni, ó lẹ́nu, ó lẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó lè gún iyán bíi tirẹ̀ ní gbogbo Avedzi. Agboolé mẹ́ta ló ń mọ ìró ọmọ odó rẹ̀: á balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó wúwo, á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó fúyẹ́, ìdí rẹ̀ á sì máa bá a jó. Àwọn ọkùnrin tó ń ti ìdí ọ̀pẹ bọ̀ a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Komi ń jẹun lónìí."

Komi ni ọkọ rẹ̀. Dzigbodi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún wọn nínú mẹ́rin, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọdún kẹta rèé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe ìrìbọmi. Ọlọ́run tí Àkú sì bá pàdé nínú omi yẹn, ńṣe ló mú Un bí ẹni mú aládùúgbò. Kò sí ohun tí kì í bá A sọ. Ó ń bá A ṣàwàdà, nígbà mìíràn ó sì ń bá A jà.

Ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tí Avedzi ti di ará orí òkè. Láti ojú àpáta Kpeto, wọ́n ń wo ìlú wọn nísàlẹ̀, wọ́n ń wo èéfín ewúrẹ́ tiwọn tí ọ̀tá ń yan. Igba èèyàn ló há sínú ihò àpáta, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìbọn péré. Ohun kan ló dá ẹ̀mí wọn sí: Aṣáńtí kò mọ òkè tí wọ́n wà. Òkè méjì ló kọjú síra níbẹ̀, èkejì sì ga ju Kpeto lọ dáadáa. Òkè gíga yẹn ni ọ̀tá ń tú kiri lójoojúmọ́, nítorí ta ni yóò sá fún ikú tí kò ní sá lọ sí ibi tó ga jù?

Balógun wọn ni Atsu, ẹ̀gbọ́n Komi. Orúkọ tó ń jẹ́ nídìí ẹmu, èyí tí ọkùnrin Avedzi máa ń pe ara rẹ̀ kó tó gbé agbè sẹ́nu, ni Òkúta-Odò-Kì-í-Gbọ̀n. Bí o bá kí i bẹ́ẹ̀, a dáhùn pé, "Omi ló ń kọjá, èmi wà níbẹ̀." Atsu ló kó gbogbo obìnrin jọ lọ́jọ́ tí wọ́n gun òkè. Ó bu erùpẹ̀, ó fi kan ahọ́n olúkúlùkù, ó ní kí wọ́n fi ilẹ̀ búra.

"Ohùn èèyàn lè dà bí ohùn ẹyẹ," ó ní. "Igbe ọmọ lè dà bí igbe ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹranko tó ń gún iyán. Ẹni tó bá gún ohunkóhun lórí òkè yìí, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ pàdé ìbọn. Ilẹ̀ gbọ́."

"Ilẹ̀ gbọ́," ni àwọn obìnrin dáhùn, wọ́n sì da odó wọn dé.

Ẹ má bi mí pé kí ni odó ń ṣe lórí òkè nígbà tí ogun ń lé wọn. Obìnrin Avedzi lè gbàgbé ẹní, ó lè gbàgbé aṣọ, àmọ́ ilé tí kò ní odó, ilé àpọ́n ni. Àkú gbé tirẹ̀ lérí láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì gbàgbé ìkòkò iyọ̀. Dzigbodi tó ń tì í láti ẹ̀yìn níbi tí àpáta ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní, "Ìyá mi, bí wọ́n bá fi ìdí yín dí ẹnu ọ̀nà yìí, Aṣáńtí kankan ò ní lè kọjá."

"Ìdí yìí náà ni ìwọ gbà wá sáyé," ni Àkú dáhùn. "Kí i dáadáa."

Nínú ìjà àkọ́kọ́ létí odò, ọta ìbọn fọ́ àgbọ̀n Komi. Wọ́n fi aṣọ di í, ẹ̀jẹ̀ dá, ṣùgbọ́n ẹnu kò lè jẹ ohunkóhun mọ́. Iṣu sísun àti kókò sísun ni gbogbo òkè ń jẹ. Omi ẹ̀kọ nìkan ni Komi ń mu. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún yìí, ojú rẹ̀ ti wọnú, èèyàn sì lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òkèèrè.

"Àkú," ó ní, ọ̀rọ̀ ń jáde lábẹ́ aṣọ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò, "láti ọjọ́ tí a ti gun òkè yìí, mi ò tíì jẹun."

"Bàbá Dzigbodi, omi ẹ̀kọ tí ẹ mu lówùúrọ̀ ńkọ́?"

"Mo ní mi ò tíì jẹun."

Ó yé e. Ọkùnrin ilẹ̀ wọn lè jẹ ẹran màlúù odindi, bí kò bá tíì gbé iyán mì, kò tíì jẹun. Iyán kì í sì í ṣe ohun àjẹ, ohun gbígbé mì ni. Ẹni tí kò ní àgbọ̀n lè gbé e mì. Àkú se iṣu kan, ó fọwọ́ rún un, ó fi ìdí ìgbakọ tẹ̀ ẹ́. Kókó kún inú rẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ há Komi lọ́fun, ó wúkọ́, ọgbẹ́ ya, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀. Àkú nù ún. Ó wá gbé odó rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ihò àpáta, ó tú aṣọ funfun tó fi ṣe ìrìbọmi, ó fi di orí ọmọ odó bí ẹni fi gèlè wé ìyàwó.

Dzigbodi rí i. "Ìyá mi, a búra."

"Mo mọ̀."

"Ilẹ̀ kan ahọ́n yín."

"Mo ti fọ̀ ọ́ kúrò. Gbọ́, ọmọ yìí, mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́." Ó sì tún un sọ sókè kí ọmọ lè gbọ́: "Bàbá, Ìwọ lo gbẹ́ ihò etí sí orí àwọn èèyàn yẹn. Jọ̀ọ́, ki ìka bọ̀ ọ́ fún mi. Iṣu kan péré."

Dzigbodi wo bàbá rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ ti odó, kó máa yí iyán bí ó ṣe máa ń ṣe nílé.

Ọ̀sán gangan ni, atẹ́gùn ń fẹ́. Àkú bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń lu ọmọ tó ń tòògbé lẹ́yìn. Iṣu fọ́. Iṣu fẹ́ di iyán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọwọ́ tó ti ń gún iyán láti ọmọdé kò mọ ogun, odó ló mọ̀. Ọwọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ jí. Aṣọ funfun yọ́ kúrò lórí ọmọ odó, igi kan igi: gbì-gbì, kì! Gbì-gbì, kì! Kó tó mọ̀, Dzigbodi ti da àyà dé orí odó, bí ẹni tó fẹ́ fi ara gba ọta.

Wọ́n dákẹ́. Ẹyẹ àparò kan fò ní ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Ṣé o rí i?" Àkú ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òógùn bò ó. "Ó ti ìka bọ̀ ọ́."

Komi gbé òkèlè mẹ́sàn-án mì. Ó sunkún. Lọ́jọ́ yẹn, Àkú rò pé kò sí ẹni tó mọ Ọlọ́run tó òun.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwọn ọmọbìnrin méje sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi ní ìsun tó wà láàárín igi ọparun. Dzigbodi ló ṣáájú, ó di Sefako lọ́wọ́ mú, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí Atsu bí. Aṣáńtí ti jókòó síbẹ̀ dè wọ́n. Ìjà náà kò pẹ́ tó kí èèyàn jẹ obì kan tán: ìbọn dún nígbà mẹ́ta, àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré sọ̀kalẹ̀, méjì nínú wọn kú, Aṣáńtí kan ṣubú pẹ̀lú ọta nítan. Àwọn yòókù ti kó àwọn ọmọbìnrin méjèèje wọ igbó lọ. Agbè méje ló kù lẹ́bàá ìsun, ọ̀kan ṣì dúró gbọn-in, omi kún un dé ẹnu.

Wọ́n gbé òǹdè náà wá síwájú ìgbìmọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ èdè rẹ̀ lórí òkè yẹn: Tíṣà Sila, olùkọ́ àwọn onígbàgbọ́, tó ti ṣòwò obì ní ilẹ̀ Aṣáńtí rí. Ojo èèyàn ni Tíṣà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń wúkọ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ìbọn bá dún nísàlẹ̀, ẹ̀yìn àpáta ni ẹ ó ti rí i, àwọn ọmọdé sì máa ń ṣe bí i: wọ́n á gbọ̀n, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà!"

"Bi í pé ta ló júwe wa," ni Atsu wí.

Tíṣà bi í. Òǹdè náà fèsì gígùn, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìrora. Tíṣà kò túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní... wọ́n ti di ẹrù wọn. Ó ní àná ni wọn ì bá ti padà sílé, ó ti sú wọn." Ojú Tíṣà kan Àkú, ó sáré gbé e kúrò. "Wọ́n wá gbọ́... Ó dà bíi pé orin ni. Bóyá orin tiwa ti ọjọ́ ìsinmi."

Dotse, àgbà tó ń gba ọ̀rọ̀ sọ fún ọba, dìde fùú. "Mo ti wí! Àwọn onígbàgbọ́ yìí, ẹnu wọn kì í pa!"

Ṣùgbọ́n òǹdè náà, tó rò pé wọn ò gbọ́ òun, di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó gbé e sókè, ó ń já a lulẹ̀: gbì-gbì, kì. Ó mọ bó ṣe ń lọ. Kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ odó ẹni tó ń dún bẹ́ẹ̀.

Àkú ti dìde kí wọ́n tó yíjú. "Tíṣà, má parọ́ nítorí mi, kò yẹ ọ́. Èmi ni. Àgbọ̀n Komi kò lè jẹ iṣu sísun, mo gún iyán fún un. Mo rò pé Ọlọ́run máa bò ó. Mo ti rí i pé mò ń pàṣẹ fún Un ni."

Yawa, ìyàwó Atsu, ìyálé Àkú nínú agboolé, tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó ń wo Àkú. Yawa kò bá wọn dé ibi ìrìbọmi, ojúbọ ìdílé ni tirẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí Dzigbodi. Òun náà ló bí Sefako.

Ọdẹ kan bẹ́ sí àárín. "Ẹ jẹ́ ká lọ dè wọ́n létí odò Dayi! Bí a bá gba ọ̀nà ìgbẹ́, a ó ṣáájú wọn dé ibi tí wọ́n ti ń là á kọjá. Òkúta-Odò-Kì-í-Gbọ̀n, ọ̀rọ̀ dọwọ́ yín!"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Atsu kò dáhùn oríkì náà.

"Ọgbọ̀n ìbọn ni mo ní láná. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù. Bí mo bá kó wọn lọ sódò, kó tó di ọ̀sán ọ̀la àwọn Aṣáńtí tó kù nínú ìlú yóò gun ibí wá, arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ni wọ́n máa bá. A ó gba góńgó òkè lọ sí ilẹ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn òkè, nísinsìnyí. Ìbọn á wà níwájú, ìbọn á wà lẹ́yìn." "Ẹ má sọ fún mi pé Sefako wà nínú wọn. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ."

Àkú kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, mo ṣẹ ilẹ̀. Ìbúra ní kí n sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀."

Atsu wò ó títí. "O fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ."

Kò lè sẹ́.

"Ìyà tí èèyàn ń sáré lọ pàdé, ìyà kọ́. Komi kò lè rìn. Mi ò ní ọkùnrin tí yóò fi ìbọn sílẹ̀ kó gbé e. Ìwọ ni yóò gbé e. Ìyà tìrẹ nìyẹn, Àkú: kí o máa rìn lọ síwájú."

"Ilẹ̀ ńkọ́?" ni Dotse bi í. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ahọ́n ti kan erùpẹ̀."

"Èmi á lọ," ni ẹnìkan wí. Wọ́n wá a títí kí wọ́n tó rí i pé Tíṣà ni.

Ọdẹ náà rẹ́rìn-ín gan-an. "Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé bí ẹyin adìẹ bá fọ́, wàá sùn mọ́lẹ̀?"

"Èmi yìí ni. Mo gbọ́ èdè wọn. Ẹ má wo ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi lọ."

Wọ́n ti ń di ẹrù nígbà tí Àkú bá a níbi tó ti ń de bàtà. Ó mú aṣọ funfun náà lọ́wọ́, iyán ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀.

"Tíṣà, ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ ni?"

"Ó gbọ́."

"Kí ló dé tí kò dí etí wọn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, iṣu rẹ ló fẹ́ jẹ." Ó wúkọ́, ó tutọ́. "Àkú, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń wàásù, ẹ̀rù ò tíì fi mí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọlọ́run náà ò tíì fi mí sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ń gbé."

"Ṣé wàá mú un bọ̀?"

Tíṣà fẹ́ purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi í sílẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn. Mo lè ṣèlérí pé wọn ò ní dá rìn."

Àkú na aṣọ náà sí i. "Fún un ní èyí. Sọ fún un pé..." Ó wá ọ̀rọ̀ tì, òun, Àkú. "Sọ fún un pé òmùgọ̀ ni ìyá rẹ̀."

"Ó ti mọ ìyẹn tipẹ́," ni Tíṣà wí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń dun èèyàn níkùn. Tíṣà wá fi aṣọ náà kọ́ ọrùn, ó gbé apá méjèèjì sókè kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè rí i pé kò mú nǹkan kan dání, ó sì ń sọ̀kalẹ̀. Apá náà ń gbọ̀n bí ewé, títí igi ọparun fi gbà á mọ́ wọn lójú.

Àkú pọn Komi. Ó gbà á mọ́ra bí ọmọ, ó fi aṣọ méjì sọ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn, ìdí tó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ìjókòó rẹ̀. Góńgó òkè yẹn kò fẹ̀ ju ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún, ọ̀gbun wà lósì. Oòrùn ọ̀sán ń fi òkúta jó àtẹ́lẹsẹ̀.

"Sọ̀ mí kalẹ̀," ni Komi wí sí i létí. "Sọ̀ mí kalẹ̀, kí o padà lọ wá a."

"Ẹ pa ẹnu yín tó fọ́ yẹn mọ́."

"Mẹ́sàn-án ni mo jẹ, Àkú. Mo jẹ mẹ́sàn-án." Omi gbígbóná ń kán sí i lọ́rùn.

Ó fẹ́ gbàdúrà, ẹ̀rù bà á. Àdúrà tó gbà kẹ́yìn, ẹ wo ibi tó gbé e dé. Ẹnu tó ti ń pe Ọlọ́run ránṣẹ́ bí ẹni pe ọmọ aládùúgbò kò mọ ohun tó kù tó lè bi Í. Kò tọrọ Dzigbodi, kò gbóyà. Ohun kan ṣoṣo ló rí sọ nínú àyà rẹ̀: Ṣé O ṣì wà níbẹ̀? Kò gbọ́ ìdáhùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó tún bi Í: Ṣé O ṣì wà níbẹ̀? Ó gbé èkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn. Kò mọ̀ bóyá ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí kò bá sì jẹ́ òun, kò ní òmíràn.

Yawa wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkú ń gbọ́ mímí rẹ̀, ó ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ òkúta. Àwọn obìnrin mìíràn ń yà fún Àkú bí ẹni yà fún alárùn, wọ́n ń kọjá lọ. Yawa kò kọjá.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀, ẹsẹ̀ Àkú yọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì balẹ̀, Komi yẹ̀ lọ sí apá ọ̀gbun, aṣọ kan já. Àkú di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń wo erùpẹ̀ tó ń ṣàn lọ lábẹ́ wọn, ó ronú pé bí òun bá jọ̀wọ́ ara, ó ti parí nìyẹn.

Ẹnìkan gbá Komi mú lẹ́sẹ̀. Yawa ni. Ó fi gèlè tó tú lórí so aṣọ tó já, ó fà á kó le, ó ki èjìká òun náà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ Komi. Ẹrù náà pín sí méjì.

"Dìde," ó ní.

Wọ́n rìn. Ọ̀kan wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn, ọkùnrin tó fọ́ lágbọ̀n wà láàárín. Wọ́n rìn tó ìrìn tí èèyàn fi ń se ẹ̀wà jinná, Àkú kò sì gbójú wo ẹ̀yìn, nítorí kò mọ irú ojú tí yóò fi wò ó.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ni Yawa wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ẹsẹ̀ àbúrò ọkọ mi ni mo gbé."

Àkú mi orí pé òun gbọ́.

Wọ́n tún rìn. Nísàlẹ̀, jìnnà réré, níbi tí ọ̀nà ti wọ igbó lọ sí ìwọ̀-oòrùn, eruku tíńtín kan ń gbéra, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá èèyàn ló ń tú u tàbí atẹ́gùn.

"Àkú."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ tó mọ̀ Ọ́n. Bá mi sọ fún Un pé Sefako kì í lè sùn bí wọn ò bá bo ẹsẹ̀ rẹ̀."